Ẹni Tó Ń Sọ Yorùbá Lẹ́yìn Ògiri

Aṣọ ni mo ń fọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ẹnìkan kí mi. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti kọjá díẹ̀, oòrùn ti ń mú, mo jókòó lórí àpótí lẹ́yìn ilé, mo ń fún aṣọ ìbora mi. Láti òdìkejì ògiri ọgbà ni ohùn náà ti wá. Ohùn obìnrin ni, ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ dí mi lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Mo ti dáhùn kí n tó ronú. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín músẹ́ fúnra mi. Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń gbé inú ilé yẹn ní Obosi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Onitsha, kò sì sí ẹni tó fi Yorùbá kí mi níbẹ̀ rí. Obìnrin méje ni wá. Ìgbò ni àwọn mẹ́fà yòókù, Ìgbò náà ni Mama Ifeoma tó ń darí ilé. Mo gbọ́ Ìgbò dáadáa, mo fi ń ra ọjà, mo fi ń jà, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ kí ènìyàn gbọ́ ìkíni ilé rẹ̀ nígbà tí kò retí rẹ̀.

Ìgbà tí mo sá aṣọ náà sórí okùn tán ni ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nǹkan kan fún mi. Kò sí ẹni tó ń gbé ẹ̀yìn ògiri yẹn. Ilé tí wọ́n kọ́ dé òkè fèrèsé tí wọ́n sì pa tì ni. Mo gba ẹnu géètì jáde, mo yí lọ wò ó. Koríko ga dé ìbàdí mi, ó dúró ṣánṣán, kò sí ibi kankan tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́. Alángbá kan sáré gba orí búlọ́ọ̀kù kọjá. Mo dúró díẹ̀, mo padà wọlé, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ń kọ èyí fún ẹni tí irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí, àti fún ẹni tó lè bá ara rẹ̀ nídìí títọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹnìkan ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé àìsàn lè kí ènìyàn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ báyìí, bóyá n kì bá tí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí n tó la ẹnu mi.

Télọ̀ ni mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí mi, Mojísọ́lá ni orúkọ mi. Ọkọ mi ló mú mi wá sí Onitsha. Nígbà tó yá, òun gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, èmi dúró pẹ̀lú ọmọ wa obìnrin, Àánú. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Main Market, iṣẹ́ sì ń wọlé. Ohun tó mú mi bẹ̀rẹ̀ kò ju ìrora ẹ̀yìn lọ. Ẹni tó bá ti jókòó ti máṣíìnì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ yóò mọ irú ìrora tí mò ń sọ. Ẹnìkan fún mi ní tírámádọ̀, oògùn ìrora ni, ìrora náà sì lọ. Lẹ́yìn ọdún kan, n kò lè jókòó láìlò ó. Ní àsìkò Kérésìmesì kan, tí aṣọ àwọn oníbàárà kún ṣọ́ọ̀bù dé àjà, mo bá wọn fa èyí tí wọ́n ń pè ní mkpụrụ mmiri. Ó dà bí yìnyín tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́, èéfín rẹ̀ ni wọ́n ń fà. Mo rán aṣọ fún ọjọ́ mẹ́ta láìfi ẹ̀yìn lélẹ̀. Mo rò pé mo ti rí agbára.

N kò ní ka gbogbo ohun tó tẹ̀lé e. Ọ̀kan tó. Mo gbàgbé Àánú sí ilé ìwé, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ní ọjọ́ tí tíṣà rẹ̀ mú un wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo wo ọmọ náà, mo sì bi tíṣà pé ta ni. Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹ̀gbọ́n mi, Fólúkẹ́, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ tó sì mú Àánú lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Èmi lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fọ oògùn kúrò lára mi fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n darí mi sí ilé Mama Ifeoma.

Ilé tí mò ń wí yìí kì í ṣe ilé ìwòsàn, kì í sì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Ibẹ̀ ni àwọn tó ti fi oògùn olóró sílẹ̀ ń gbé pọ̀ títí ẹsẹ̀ wọn yóò fi ranlẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni Mama Ifeoma. Òun ló ń tọ́jú fóònù wa, ọjọ́ Àìkú nìkan ni a ń pe ilé. A ń dáná ní ìpín-ìpín, a ń gbálẹ̀, a ń pàdé ní pálọ̀ lọ́sàn-án láti sọ bí ara ṣe rí. Ó lè ní kí ẹnikẹ́ni tọ̀ sínú ife kékeré nígbàkigbà, kí ó fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oògùn wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá tún lò ó yóò di ẹrù rẹ̀. Òfin yìí ló pa mí lẹ́nu mọ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ pé mò ń gbọ́ ohùn, wọn yóò ní mo ti tún fà á.

Ohùn náà padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́jọ́ náà.

"Àjíkẹ́."

Oríkì mi ni. Ìyá mi nìkan ló ń fi pè mí, ìyá mi sì ti kú. Kì í ṣe ohùn ìyá mi ni mo gbọ́, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù. Bó bá jẹ́ ohùn ìyá mi ni, ǹ bá sọ pé àárò rẹ̀ ló ń sọ mí. Ohùn àlejò ni, àlejò tó mọ oríkì mi.

Kì í wá lóru. Mo sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òkùnkùn ni irú nǹkan báyìí ń bá rìn. Ọ̀sán gangan ló ń wá, nígbà tí aṣọ ń gbẹ lórí okùn tí àwọn adìyẹ aládùúgbò ń jẹ̀ kiri. Kò kí mi mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn mi. Bí mo bá gbé ìgbálẹ̀, yóò ní, "Ó ti gbé ìgbálẹ̀. Ó ń gbálẹ̀. Ó ti gbàgbé abẹ́ àga." N óò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ àga, ìdọ̀tí yóò sì wà níbẹ̀. Nígbà tó ṣe, ohùn ọkùnrin kan dara pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ nípa mi bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀.

"Ṣé ó ti mọ̀?"

"Kò tíì mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kó jẹun tán ná."

Mo ki òwú bọ etí. Nígbà náà ni wọ́n wá ṣe kedere jù.

Ó yẹ kí n sọ pé kì í ṣe ohùn yẹn ló kọ́kọ́ dé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú rẹ̀ tí ayé ti sú mi. Mo ń dùbúlẹ̀, n kò rí oorun sùn. Omi ìwẹ̀ ń wúwo lọ́wọ́ mi bí iyanrìn. Bí ọjọ́ Àìkú bá dé tí Àánú bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo máa ń fẹ́ kó tètè sọ tán kí n lè lọ wo ògiri. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni ara ẹni tó fi oògùn sílẹ̀ ṣe ń rí. Mo tún rò pé èmi nìkan ni. N kò mọ̀ pé Chinelo, tó ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kejì nínú yàrá mi, kò lè wọ yàrá kankan kí ó ti ilẹ̀kùn, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. N kò mọ̀ pé ẹnìkan nínú wa ń ṣí omi sílẹ̀ ní balùwẹ̀ kí a má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀. Gbogbo wa ń fi ẹ̀rín pàdé ara wa ní pálọ̀. Bí Mama Ifeoma bá béèrè bí ara ṣe rí, a ó ní ara le.

Ohùn náà ní wọ́n ń da nǹkan sí ọbẹ̀ mi. Mo dẹ́kun jíjẹ ohunkóhun tí n kò fi ọwọ́ ara mi bó. Ẹ̀pà sísè nínú èèpo rẹ̀ ni mò ń jẹ, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mama Ifeoma wò mí ní ọjọ́ kan, ó ní, "Nne, ìyá mi, o ń gbẹ." Mo ní ibà ni. Ó fún mi ní oògùn ibà, mo jù ú nù.

Ọ̀sán Sátidé kan ni ó dé góńgó. Àwọn yòókù ti wà ní pálọ̀, èmi ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé níbi tí mo ti da omi ìdọ̀tí nù. Táǹkì omi ńlá dúdú kan wà níbẹ̀ lórí irin gíga, pẹ̀lú àkàbà tí wọ́n jó mọ́ ọn lára. Mo gbọ́ tí nǹkan ń kan ara táǹkì náà láti inú. Ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́, ó tún kàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Obìnrin náà kò ròyìn mi lọ́jọ́ yìí. Èmi gan-an ló bá sọ̀rọ̀.

"Àánú wà nínú omi."

N kò mọ bí mo ṣe gun àkàbà náà. Mo kàn rí i pé ọwọ́ mi wà lára ọmọrí táǹkì, mo ṣí i. Omi náà dúdú, ó dákẹ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀, mo rí aṣọ ilé ìwé Àánú, aláwọ̀ ewé, ó rọra ń yí. Mo rí i bí mo ṣe ń rí ìwé tí mo ń kọ yìí. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àkàbà lẹ́yìn mi.

Chinelo ni. Kò pariwo. Ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn aṣọ mi mú, ó ní, "Sún díẹ̀ fún mi, kí n bá ọ wò ó." Ó béèrè ohun tí mo rí, mo sọ fún un. Ó ti ọwọ́ rẹ̀ bọ omi títí dé èjìká, ó rò ó yíká bí ẹni ń ro àmàlà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Aṣọ aláwọ̀ ewé náà túká. "Moji, omi ni. Fọwọ́ kàn án." Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù. Kíkàn náà kò dákẹ́.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ilé ti jáde. Mama Ifeoma kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gbé fóònù, ó pe ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kí wọ́n fún ọmọ náà ní fóònù. Ó fi fóònù sí mi létí.

"Màámi, ẹ káàsán."

"Àánú, níbo lo wà?"

"Ilé Àǹtí Fólúkẹ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mò ń jẹ ẹ̀bà. Ṣé ẹ ń bọ̀ ni?"

Obìnrin náà sọ̀rọ̀ sí etí mi kejì. Ó ní, "Kì í ṣe òun. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ."

Èyí ni ohun tó le jù fún mi láti kọ. Ọmọ tí mo bí ni, mo mọ ikọ́ rẹ̀ láàárín ogún ọmọ. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀bà lẹ́nu, n kò sì gbà pé òun ni. Mo rí i nígbà náà pé bí mo bá tẹ̀lé obìnrin yìí, kò ní ku ẹnìkan láyé tí n óò tún gbà gbọ́. Mo na fóònù padà sí Mama Ifeoma. Mo ní, "Mama, mi ò dá ohùn ọmọ mi mọ̀ mọ́. Ẹnìkan ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́."

Ẹnìkan nínú wọn sọ lẹ́yìn pé, "Ó ti tún fà á." Mama Ifeoma mú ife kékeré wá. Mo tọ̀ sí i, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. A dúró dè é ní kọ́rídọ̀. Nígbà tí ó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

"Kò lo nǹkan kan. Àìsàn ló ń ṣe é. Ẹ bá mi wá kẹ̀kẹ́."

Ilé ìwòsàn ìjọba kan ni wọ́n gbé mi lọ. Ẹni tó ń tọ́jú ọpọlọ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ oorun, mo sì padà síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Gbọ̀ngàn tí a ti dúró gùn, bẹ́ǹṣì onípákó ló wà níbẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà sí ara páálí fún wa. Ọkùnrin kan jókòó ní iwájú mi tí àwọn àbúrò rẹ̀ fi ìró aṣọ so ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń bẹ̀ wọ́n ní ohùn jẹ́jẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun họ imú òun. Àbúrò rẹ̀ kan bá a họ ọ́. Wákàtí mẹ́rin ni a lò níbẹ̀, obìnrin ẹ̀yìn ògiri kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìdákẹ́ yẹn burú ju ọ̀rọ̀ lọ. Ó dà bíi pé ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, pé ó di nọ́ńbà tirẹ̀ mú.

Nọ́ọ̀sì kan kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Ó béèrè ohun tí ohùn náà ń sọ, mo sọ ọ́ ní Ìgbò. Ó ní kí n sọ ọ́ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ gan-an. Bí mo ṣe la ẹnu ni obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ tẹ̀lé e: "Ó ti jókòó. Ó ti ń sọ fún wọn." Gbogbo ara mi le gbagidi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fi ẹnu ara mi sọ ohun tí ó ń sọ. Nọ́ọ̀sì náà kò gbọ́ Yorùbá rárá, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ.

Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, kò sì kánjú. Ó ní nǹkan méjì ló ń ṣe mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ó ní kì í ṣe ìbànújẹ́ tó ń wá tó sì ń lọ, pé ó jẹ́ àìsàn tó ń gba oorun àti okun lára ènìyàn, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn sílẹ̀. Èkejì ni wọ́n ń pè ní sàíkósíìsì. Bó ṣe yé mi ni pé ọpọlọ kò lè ya ohun tó wà níta sọ́tọ̀ mọ́ kúrò lára ohun tó ń ti inú ara rẹ̀ wá. Apá tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú ọpọlọ ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó ní mkpụrụ mmiri lè fa irú rẹ̀ nígbà tí ènìyàn ń lò ó, ó sì lè yọjú padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ènìyàn ti fi í sílẹ̀, pàápàá bí kò bá ti ń rí oorun sùn.

"Kò túmọ̀ sí pé o tún lò ó," ó ní. "Kò sì túmọ̀ sí pé ẹnìkan ń dà ọ́ láàmú."

Mo ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo béèrè bóyá ohùn náà yóò lọ. Ó ní ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ, ṣùgbọ́n òun kò ní bá mi ṣe ìlérí, àti pé kí n má ṣe fi oògùn tí òun fún mi sílẹ̀ fúnra mi bí ara bá ti yá.

N kò ní sọ pé oògùn náà rọrùn. Lọ́jọ́ kẹta, mo wà nídìí oúnjẹ nígbà tí ọrùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀. Ó yí mi lórí sí apá òsì títí àgbọ̀n mi fi wà lórí èjìká, ojú mi yí lọ sókè, ahọ́n mi kún ẹnu. Àwọn obìnrin ilé sá jáde. Ọ̀kan ń pe orúkọ Jésù láti ojú ọ̀nà. Èmi náà gbà nígbà yẹn pé obìnrin ẹ̀yìn ògiri ti wá fi ọwọ́ gbá mi mú. Mama Ifeoma nìkan ló mọ ohun tó jẹ́. Ó di orí mi mú láyà rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ títí a fi dé ilé ìwòsàn, wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ mìíràn, kò sì tó ìdajì wákàtí tí ọrùn mi fi tú. Oògùn náà máa ń fa iṣan ara àwọn kan báyìí. Ó dẹ́rù bani, ó sì ní àtúnṣe. Wọ́n dín in kù, wọ́n fi òmíràn tì í. Fún bí oṣù kan, n kò lè jókòó sójú kan, ẹsẹ̀ mi ń rìn lábẹ́ tábìlì láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi dé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó fi Àánú sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí ó mú mi lọ sí orí òkè kan tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀ fún irú wa. Òun àti Mama Ifeoma sọ̀rọ̀ pẹ́ ní pálọ̀, pẹ̀lú òyìnbó díẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ìfọwọ́júwe. Mama Ifeoma ní kí ó gbàdúrà bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n níbí, níbi tí òun ti lè máa wo oògùn mi. Fólúkẹ́ tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó bi mí pé, "Mojí, níbo gan-an ló ti ń sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yìn ògiri yẹn ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Dìde. Mú mi débẹ̀."

Mo ní ẹ̀rù ń bà mí. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun náà. Ó di ọwọ́ mi mú, a sì yí gba ẹnu géètì lọ sínú ilé àpatì yẹn, a ń fi ẹsẹ̀ tẹ koríko. Sìmẹ́ńtì tó ti di òkúta wà níbẹ̀ nínú àpò rẹ̀, àti bàtà sìlípáàsì ẹsẹ̀ kan. A wọ yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìn ilé wa, a dúró ti ògiri náà. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Fólúkẹ́ ní, "Ó dáa. Ẹni tó ń pè ọ́, kó pè ọ́ kí èmi náà gbọ́."

Ó pè mí. "Àjíkẹ́." Ṣùgbọ́n kì í ṣe láti inú ilé àpatì náà. Láti òdìkejì ògiri ni, láti ẹ̀yìn ilé wa, níbi tí àpótí ìfọṣọ mi wà, níbi tí èmi máa ń jókòó sí.

Irun ara mi dìde. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i pé kò gbọ́ nǹkan kan. A padà sí ẹ̀yìn ilé wa. Ohùn náà tún sọ̀rọ̀, ó ti wà nínú ilé àpatì nísinsìnyí. Mo mú Fólúkẹ́ padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó tẹ̀lé mi láìjanpata. Bí mo bá sún, ohùn náà ń sún. Ní àárín koríko yẹn, pẹ̀lú oòrùn lórí mi, mo mọ̀ pé obìnrin náà kò ní ilé kankan. Ibi tí mo bá wà ló ń wà. Ohun tí dókítà sọ fún mi wọ ara mi níbẹ̀, ó sì bà mí lẹ́rù ju iwin lọ, nítorí a lè kó kúrò nílé nítorí iwin.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó sunkún. Lẹ́yìn náà, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Aago méjì ti lù. Wá lo oògùn rẹ."

Ohùn náà kò lọ lójijì. Ó kọ́kọ́ jìnnà, bíi rédíò ilé kẹta. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní ìtumọ̀ mọ́, ó kù bí ìgbà tí ènìyàn ń kùn nínú oorun. Ọkùnrin yẹn ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń lọ aṣọ, mo sì ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó ròyìn mi láti àárọ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo sunkún ni. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ: àárò rẹ̀ sọ mí. Òun nìkan ló ń fi èdè ìyá mi bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn.

Mo sọ èyí fún Chinelo. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ń ponmi lẹ́yìn ilé, ẹnìkan sì sọ lẹ́yìn mi pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Mo ju korobá nù, mo ké. Chinelo ló dúró síbẹ̀ tó da ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti ní kí Fólúkẹ́ kọ́ òun lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú, kí ó lè máa kí mi. A wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sínú omi tó dà nù. Láti ìgbà náà, iwájú mi ló ti máa ń kí mi.

Mama Ifeoma yí òfin padà. Ó sọ fún gbogbo wa ní pálọ̀ pé òun ti ṣe àṣìṣe, pé ẹni tó bá sọ ohun tó ń ṣe é nínú ọkàn kò ní di ẹrù rẹ̀ láé. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn mẹ́ta ti lọ bá a. Chinelo wà lára wọn. Bí ẹ bá ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, tàbí tí ẹ ń darí rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro èyí. Fífi oògùn sílẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ara ti yá. Ìgbà míì, ìgbà náà ni ohun tí oògùn ń bò mọ́lẹ̀ ń ráyè gbé orí sókè.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Mo ṣì ń lo oògùn, ó ti dín kù. Bí n kò bá sùn dáadáa fún ọjọ́ méjì, nígbà míì mo máa ń gbọ́ bí ẹni ń wú ikọ́ láti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. N óò sọ fún Mama Ifeoma, n óò sì lọ sùn. Mo ti padà sídìí máṣíìnì, aṣọ ilé ìwé ni mò ń rán fún àwọn ọmọ kan ní GRA, mo sì ń dìde na ẹ̀yìn mi ní wákàtí wákàtí.

Mo máa ń wo ara mi nísinsìnyí bí ẹni tí mo ṣẹ̀ tí kò bá mi yan odì. Mo fi ebi pa á fún ọdún mẹ́ta, mo gba oorun rẹ̀, mo jẹ́ kí ó bẹ̀rù oúnjẹ. Síbẹ̀, kò yéé mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti apá rẹ̀ bọ omi táǹkì nítorí mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara náà pẹ̀lú.

Ní ìsinmi tó kọjá, Fólúkẹ́ mú Àánú wá. Mo lọ pàdé wọn níbi tí bọ́ọ̀sì ń já wọn sí. Ọmọ náà dúró jìnnà díẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń wọn aṣọ, ó sì ní, "Màámi, ẹ ti sanra o."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nínú kẹ̀kẹ́, ó gbé orí lé ikùn mi. Ikùn náà kùn lójijì, ariwo rẹ̀ pọ̀, ó gbé orí sókè, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ nínú yín."

Fólúkẹ́ wò mí kíákíá. Èmi náà tẹ́tí sílẹ̀, mo gbọ́ ọ kedere.

"Ebi ni," mo ní. "Ebi ń pa mí."

Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ dúró níbi obìnrin kan tó ń ta ọ̀kpà gbígbóná, oúnjẹ Ìgbò tó dà bí mọ́ínmọ́ín. A sọ̀ kalẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró.